Awọ Dúdú Lára Jáàkì Ìyá Ẹ̀pẹ́

Kí ènìyàn tó dé abẹ́ àtíbàbà tí Ìyá Ẹ̀pẹ́ ti ń ṣe gàrí, ohùn jáàkì wọn ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ó máa ń han gooro bí ilẹ̀kùn àtijọ́ tó ti dípẹtà, á sì tún kérora lábẹ́lẹ̀, bíi pé inú irin náà gan-an ló ń dùn ún. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Ìyá Ẹ̀pẹ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí, nítorí náà mo ti gbọ́ ohùn yẹn títí ó fi dà bí ohùn àkùkọ létí mi. Àfi lẹ́yìn tí mo kàwé enjiníà tán, tí mo sì ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú, ni ohùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń fà á. Ojú sì ń tì mí díẹ̀, torí mo rò pé ó yẹ kí ẹni tó gboyè ti mọ̀ ọ́n láìbéèrè.

Jáàkì yìí ni férémù irin tí wọ́n fi ń fún omi kúrò lára ẹ̀gẹ́ tí a ti rin. Wọ́n á to àpò ẹ̀gẹ́ rírin sí abẹ́ pákó kan. Súkúrúù gígùn, tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ ọkùnrin, á gba inú nọ́ọ̀tì ńlá kan sọ̀kalẹ̀, á sì máa tẹ pákó náà. Ọ̀pá irin ni wọ́n fi ń yí i. Bí wọ́n bá ti ń yí i, omi kíkan á máa ṣàn jáde lára àpò, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo àdúgbò.

Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún yẹn ku díẹ̀, súkúrúù náà há. Ìyá Ẹ̀pẹ́ fi gbogbo ara fa ọ̀pá, ọ̀pá yọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fi èjìká ọ̀tún ṣubú lu férémù. Eegun kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò lè gbé apá náà ga débi tí wọ́n á fi wé gèlè fúnra wọn. Ọmọ wọn ọkùnrin, tí mo ń pè ní Bọ̀dá, ń gbé ní ẹ́síteètì kan ní Ìkòròdú, ibẹ̀ ló sì ti ń lọ ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó lójoojúmọ́. Ilé rẹ̀ ni èmi náà wà. Èmi àti rẹ̀ la jọ sáré lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bó ṣe rí èjìká náà, ojú rẹ̀ yí padà.

“Màmi, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ ti àtíbàbà yìí pa, kí ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi.”

“Kí n wá máa ṣe kí ni lọ́dọ̀ rẹ?” ni Ìyá wí. “Kí n jókòó máa wo tẹlifíṣàn títí ojú mi á fi wú?”

“Kí ẹ máa sinmi ni.”

“Ẹni tó bá kú ló ń sinmi.”

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ́ ṣú. Níkẹyìn, Ìyá gbà pé bí jáàkì náà bá ṣì ń bá wọn jà bẹ́ẹ̀ títí di Iléyá, àwọn á di ẹrù àwọn, àwọn á sì tẹ̀lé e lọ sí Ìkòròdú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi. “Ṣebí enjiníà wà nílé yìí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ ṣàlàyé irú ẹ̀rù tó bà mí, torí kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Mo bẹ̀rù pé mi ò ní lè tún un ṣe. Mo tún bẹ̀rù pé bí mi ò bá lè tún un ṣe, èmi ni mo lé Ìyá kúrò nílé wọn. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ohun kan wà tí kì í ṣe ẹ̀rù rárá: ó ń wù mí láti tú nǹkan náà wò. Èyí tún wá ń ṣe mí bí ẹ̀bi, pé èjìká Ìyá wú, súkúrúù ni èmi ń rò.

Lọ́jọ́ kejì, mo béèrè ìdí tí wọn kì í fi gírísì sí i. Obìnrin kan wà tí òun àti Ìyá jọ ń yan gàrí láti ìgbà èwe wọn, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Òun ló dá mi lóhùn.

“Gírísì kẹ̀! Kí gàrí wá máa rùn bí ọgbà mẹkáníìkì?”

“Epo pupa ńkọ́, mà?”

Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “A ti dán ìyẹn wò rí,” ni Ìyá wí. “Epo ń kán sínú àpò. Gàrí Ìjẹ̀bú funfun wá ní àmì tótòtó lára. Oníbàárà kan gbé e sókè lójú ọjà, ó ní ṣé èéyi ló ń ṣe gàrí wa ni.”

Nítorí náà, gbígbẹ ni jáàkì náà ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Mo fi ìka tọ ojú súkúrúù náà. Ibì kan pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀, ibì kan ń dán, ibì kan ti jẹ débi pé etí rẹ̀ mú. Mo wá rí i bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Omi kíkan ń ta sí irin lára, irin ń dípẹtà. Bí wọ́n bá yí i, ìpẹtà náà á di èérún líle láàárín súkúrúù àti nọ́ọ̀tì, á máa ha àwọn méjèèjì. Ibi tó bá ha, irin tuntun á yọ síta, omi kíkan á tún rí ibi jẹ. Mo ti kà nípa ìyẹn nínú ìwé, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé òun ló ń kọrin ní gbogbo ìgbà èwe mi.

Iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ wa ń ṣe ní Ìkòròdú kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó yí wa ká máa ń kó irin wọn tó ti jẹ wá, àwa á sì fi awọ tuntun bò ó. Èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni awọ dúdú kan tí wọ́n ń fọ́n sára irin bí ọ̀dà, tí wọ́n á wá yan nínú ààrò iná. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun dúdú inú pẹ́ńsùlù. Kò nípọn tó irun orí, síbẹ̀ ó ń jẹ́ kí irin yọ̀ lórí irin láìsí epo. Mo bi ọ̀gá mi bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà tó fi okùn so gíláàsì ojú kọ́ ọrùn ni. Ó ní kí n ro ìdìpọ̀ káàdì tí àwọn ọmọdé fi ń ta wọ́ọ̀tì. Bí o bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó le. Bí o bá tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, káàdì á yọ̀ lórí káàdì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ̀fun dúdú inú awọ náà rí nínú ara rẹ̀, ìpele lórí ìpele.

“Báwo ni àwọn ìpele náà ṣe di ara wọn mú, sà?”

“Ìbéèrè rẹ ju ti ọlọ́pàá lọ,” ni ó wí, ṣùgbọ́n ó dá mi lóhùn.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ jáàkì Ìyá fún un, ohun kan péré ló bi mí: ṣé ibi tí awọ náà máa wà á kan oúnjẹ? Mo ní rárá, pákó ló ń kan àpò, súkúrúù kì í dé ibẹ̀. Ó ní kí n gbé e wá.

Wẹ́dà kan ní Ẹ̀pẹ́ bá wa tú súkúrúù náà, mo wé e sínú àpò ìrẹsì, mo wọkọ̀ tó gba Ìtóìkín padà sí Ìkòròdú. Bàbá tó jókòó tì mí ń wò ó títí.

“Ọmọ mi, kì í ṣe ìbọn lo dì síbẹ̀ yẹn?”

“Rárá, sà. Súkúrúù jáàkì gàrí ni.”

“Kí ló ṣe é?”

“Ara rẹ̀ ò yá, sà.”

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Kọ́ńdọ́ ní kí n gbé aláìsàn náà lé itan, nítorí kò lè dìde fún àgbàlagbà. Láti Ìtóìkín dé Ìkòròdú ni mo gbé e lé itan bí ọmọ.

A fọ ìpẹtà rẹ̀ kúrò, a fọ́n awọ dúdú sí i, a yan án. Nígbà tí mo gbé e padà, tí wẹ́dà dá a padà sí ipò rẹ̀, Ìyá fi ọwọ́ òsì nìkan mú ọ̀pá. Wọ́n yí i. Ohùn kankan kò jáde. Wọ́n tún yí i. Omi ń ṣàn lára àpò, a sì ń gbọ́ bó ṣe ń kán sílẹ̀, ohun tí mi ò gbọ́ rí lábẹ́ àtíbàbà yẹn.

“Jáàkì ti yadi!” ni ọ̀rẹ́ Ìyá pariwo.

Inú mi dùn débi tí ó fi ń bà mí lẹ́rù. Bí inú mi ṣe máa ń rí nìyẹn: bí nǹkan bá dára, mo máa ń wá ibi tó ti máa bàjẹ́ kiri, bíi pé bí mo bá tètè rí i, kò ní dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mo wo súkúrúù náà lókè, mo wò ó nísàlẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan. Mo padà sí Ìkòròdú.

Iṣẹ́ kò jẹ́ kí n lè padà lọ títí ààwẹ̀ fi parí. Ọjọ́ tí mo lọ, mi ò tíì dé ìdí àtíbàbà tí mo fi gbọ́ ohùn náà. Kò ga tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni. Mo wọlé, mo wo súkúrúù, mo rí i tó ń kọ mànà bí ṣíbí tuntun. Àmì dúdú kankan kò sí lára rẹ̀ mọ́.

Ìyá ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “O rí i bó ṣe ń dán? Gbogbo ìdọ̀tí dúdú tó gbé bọ̀ láti Ìkòròdú, a ti bá ọ yanjú rẹ̀.”

“Ìyá... kí lẹ fi fọ̀ ọ́?”

“Iyanrìn àti eérú. Kí ni wọ́n tún fi ń fọ ìdí ìkòkò?”

“Ó le o!” ni ọ̀rẹ́ wọn fi kún un. “Kò kọ́kọ́ gbà. A fọ̀ ọ́ títí apá fi ń ro wá. Irú èédú wo ni wọ́n ń dá ní Ìkòròdú yẹn gan-an?”

Ó yẹ kí n ti rò ó. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Alámísì, kí wọ́n tó sinmi fún Jímọ̀, wọ́n máa ń fọ ohun gbogbo lábẹ́ àtíbàbà náà: ọpọ́n, asẹ́, agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí, tó fi mọ́ férémù jáàkì. Àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí funfun ni wọ́n. Ohunkóhun tó bá dúdú lára irin, èédú ni lójú wọn, wọn kì í sì í jẹ́ kí èédú bá wọn dé Jímọ̀. Èmi náà ti bá wọn fọ̀ ọ́ láìmọye ìgbà nígbà tí mo kéré. Ọwọ́ mi ṣì mọ bí eérú ṣe ń yọ̀ láàárín ìka. Síbẹ̀, nígbà tí mo gbé awọ dúdú dé, mo ń rò nípa omi kíkan, mo ń rò nípa ìpẹtà, mi ò rò nípa Alámísì.

Mo jókòó sórí àpótí, mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde, lẹ́yìn náà mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rín mọ́. Ìyá rò pé orí ń fọ́ mi, wọ́n bu omi fún mi. Mi ò lè sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n fi ìgbéraga fọ̀ dànù ni oògùn tí mo bá wọn wá. Mo wo bí wọ́n ṣe rọra gbé apá ọ̀tún wọn lé orí itan, mo sì rántí pé Iléyá kò jìnnà mọ́.

Mo rò pé ọ̀gá mi á bínú nígbà tí mo bá ròyìn rẹ̀ fún un ní Ìkòròdú. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó yọ gíláàsì kúrò lójú. Nígbà tó ṣíwọ́, ó ní, “Ọwọ́ wọn ò dé inú nọ́ọ̀tì, àbí?”

“Kò dé ibẹ̀, sà.”

“Súkúrúù náà ńkọ́, ṣé ó ń dán dáadáa?”

“Ó ń dán bíi dígí.”

“Ó dáa. Jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ká pààrọ̀ ẹnìkejì rẹ̀.”

Ó fi ọ̀pá funfun kan hàn mí, ara àjẹkù iṣẹ́ tí a ṣe fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe omi inú ìgò. Náílọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń di nǹkan lọ́jà. Èyí nípọn bí ẹsẹ̀ tábìlì, ó wúwo lọ́wọ́, ó sì tutù bí eyín erin. Ọ̀gá ní a lè fi gbẹ́ nọ́ọ̀tì, a ó sì ki í sínú ilé irin kó má bàa fẹ̀. Ó ní kò nílò epo, omi kíkan yẹn kò sì lè mú un dípẹtà.

Mi ò gbà á gbọ́. Báwo ni ohun tí ọ̀bẹ lè gé ṣe máa pẹ́ ju irin lọ lábẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀? Mo mú èérún rẹ̀ kan, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Mo fi ha irin kan tó ní ìpẹtà: ìpẹtà náà rin ín bí àgbọn, ìyẹ̀fun funfun ń dà sílẹ̀. Mo wá fi ha irin mìíràn tí a ti dán. Ó yọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ gan-an, mo lọ, mo bọ̀, ó ń yọ̀ ṣáá, ìyẹ̀fun tó jáde kò tó nǹkan. Mo gbàgbé láti jẹun. Ó wá yé mi pé irin dídán ni ohun funfun yìí ń fẹ́ bá gbé, àti pé àwọn obìnrin méjì ti bá a tọ́jú irin náà sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, pẹ̀lú eérú, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn.

A gbẹ́ nọ́ọ̀tì náà lórí ẹ̀rọ léètì. Mo gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo sì gbé e lé Ìyá lọ́wọ́. Wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì.

“Èyí mọ́,” ni wọ́n wí.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo sọ̀rọ̀ kí n tó lọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa fọ súkúrúù lọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, àmọ́ eérú nìkan ni kí wọ́n máa lò.

“Láìsí iyanrìn?” Ọ̀rẹ́ Ìyá káwọ́ lérí. “Kó wá máa rí bí ìkòkò ọ̀lẹ?”

Mo ṣàlàyé pé ẹyọ iyanrìn kan lè wọ inú nọ́ọ̀tì funfun náà, kó dúró síbẹ̀ bí eyín, kó máa ha irin. Mo rò pé wọn ò ní gbà. Ṣùgbọ́n Ìyá dìde, wọ́n mú asẹ́ gàrí kan tó ti gbó, wọ́n bu eérú sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kù ú. Èérún àti òkúta wẹ́wẹ́ kù sórí asẹ́, eérú lẹ́búlẹ́bú sì jọ sínú igbá.

“Ṣé bó ṣe máa rí nìyí?” ni wọ́n bi mí.

Mi ò tíì rí eérú tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Bọ̀dá dé ní ọjọ́ kejì Iléyá, pẹ̀lú jàlàbíà funfun àti báàgì ńlá kan tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Èmi ti wà níbẹ̀ láti àná, mo sì mọ̀ pé ẹrù Ìyá ló fẹ́ fi báàgì náà kó. Mi ò lè jẹ ẹran tí wọ́n gbé fún mi tán. Kó tó jókòó, Ìyá ní kó tẹ̀lé àwọn lọ sí àtíbàbà. Àpò ẹ̀gẹ́ ti wà lábẹ́ pákó.

“Yí i,” ni wọ́n wí.

Bọ̀dá mọ jáàkì yẹn láti kékeré. Ó fẹ ẹsẹ̀, ó di ọ̀pá mú, ó fi gbogbo agbára fà á, bí a ṣe máa ń fà á látijọ́. Ọ̀pá náà bá a lọ wọ̀ọ́. Díẹ̀ ló kù kó dojú bolẹ̀. Omi kíkan fọ́n sí i lára láti àyà dé ẹsẹ̀.

“Rọra o, ọmọ Èkó!” ni ọ̀rẹ́ Ìyá kígbe. “Kì í ṣe ìlẹ̀kùn báǹkì lo ń fà yìí!”

Ẹ̀rín sọ. Bọ̀dá kò rẹ́rìn-ín. Ó padà di ọ̀pá mú, ó fi ọwọ́ kan yí i, díẹ̀díẹ̀, ó sì tẹ́tí sí i. Lẹ́yìn náà ó kúrò níbẹ̀, Ìyá sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń yí i, ọwọ́ ọ̀tún kàn ń tẹ̀lé e ni. Pákó ń sọ̀kalẹ̀, omi ń ṣàn.

“Èjìká yín ńkọ́, Màmi?”

“Ó ń sàn. Ibí ló ti máa sàn.”

Ó wo jáàkì, ó wò mí, ó wo jàlàbíà rẹ̀ tó ti rin gbingbin. Ó ní kí wọ́n bu ẹran fún òun. Nígbà tó ń lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, gàrí ni Ìyá dì kún inú báàgì rẹ̀.

Kí n tó tẹ̀lé e jáde, mo padà wo súkúrúù náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ń dán, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lójú rẹ̀ tí mi ò rí tẹ́lẹ̀, ó fẹ́lẹ́ bí èémí lójú dígí. Mo fi èékánná ha á, ó ṣí díẹ̀. Ara nọ́ọ̀tì funfun náà ni. Ó ń fi díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀ bo irin bí wọ́n ṣe ń yí i, bí awọ tuntun. Ẹ̀rù kọ́ ló bà mí lọ́tẹ̀ yìí. Mo ń rò bí màá ṣe bi ọ̀gá mi pé báwo ló ṣe mọ ibi tí yóò lẹ̀ mọ́, báwo ló ṣe nípọn tó, àti ìgbà tó máa ṣíwọ́.

Ìyá dúró sẹ́yìn mi, wọ́n na ọrùn. “Àwa náà ti rí i. A máa ń fọ̀ ọ́ ní Alámísì, kó tó di ọjọ́ Àìkú, á tún ti wà níbẹ̀. Ṣé ìdọ̀tí ni?”

“Rárá, Ìyá.”

“Ká wá fi í sílẹ̀?”

Mo wo igbá eérú kíkù tó wà lẹ́sẹ̀ jáàkì.

“Ẹ máa fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀,” ni mo wí. “Á tún wá.”